Okùn Ìgbòkun Kì í Ṣe Okùn Ewúrẹ́

Ilé wa ní Pedro,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Morẹ́nikẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kú. Ìyá rẹ wà, ara rẹ̀ le, òun ló máa fi ìwé náà lé ọ lọ́wọ́ lọ́la. Èmi náà wà. Ó kàn rẹ̀ mí ni, ó sì ti ń rẹ̀ mí láti ìgbà tí èmi àti ìwọ ti pariwo mọ́ ara wa ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí o gbé báàgì rẹ jáde, tí mi ò sì dìde lórí àga.

Bàbá Ràṣídì aládùúgbò wa ló ń bá mi kọ ọ́, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Bájúláyé títí ó fi di ẹni tí ń fi jígí méjì ríran. O mọ̀ pé bàbá rẹ kò mọ̀wé. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé síléètì lọ sílé ìwé, ọkọ́ ni bàbá tèmi gbé lé mi léjìká. Mo sọ fún Bàbá Ràṣídì pé kó má ṣe tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ó ní, "Bàbá Morẹ́nikẹ́, bí mi ò bá tún un ṣe, ọmọ yín á rò pé ẹ ń bá a jà." Mo ní kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó ti kọ ọ́.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Lórí fóònù, èmi àti ìwọ kì í kọjá "ẹ káàsán, Bàbá" kí ohùn tó ga. Nínú ìwé, o kò lè dá mi lóhùn títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ràn nínú ìwé kíkọ nìyẹn.

Nígbà tí o fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, tí o sọ pé o ti rí iṣẹ́ sí ilé ìgbafẹ́ etí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní pátákó onígbòkun, mo ní kí o tún un sọ. O tún un sọ. O ní pátákó kan ni, ó gùn ju ilẹ̀kùn lọ, ó ń léfòó lórí omi. Òpó kan dúró láàárín rẹ̀, ìgbòkun wà lára òpó náà, èèyàn á dúró lórí pátákó, á di ọ̀pá ìgbòkun mú, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé e lọ. Mo bi ọ́ pé, "Gbé e lọ síbo?" O ní, "Kò síbì kan, Bàbá. Wọ́n á lọ, wọ́n á sì padà." Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú jù. Mo ní ọmọ àgbẹ̀ kì í ṣe ẹja. O ní, "Bàbá, ẹ̀yin gan-an ò ṣe àgbẹ̀ mọ́, Pedro lẹ wà." Òótọ́ ni o sọ, ìdí nìyẹn tí ariwo fi bẹ́ sílẹ̀.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan kí n tó gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo sọ fún ìyá rẹ pé mo ń lọ fi ojú mi han dókítà. Irọ́ ni. Ibi iṣẹ́ rẹ ni mo lọ. Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo wọ̀, mo béèrè ọ̀nà títí ẹnu fi gbẹ mí, orúnkún mi sì ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Nígbà tí mo dé ẹnu géètì, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní, "Bàbá, ta lẹ wá rí?"

Mo ní, "Omi ni mo wá wò."

"Láti ibo, Bàbá?"

"Láti apá Bàrígà."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé omi Bàrígà ti tán ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbé àga tirẹ̀ fún mi sábẹ́ igi fúrúùtù. Ọlọ́run á bá mi ṣe é lóore.

Mo rí ọ. O kò rí mi. O wọ ẹ̀wù ìléfòó aláwọ̀ ọsàn, o sì ń ṣubú. Mo kà á, ìgbà mọ́kànlá ni. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà tí o bá yọ jáde nínú omi, iwájú lo ń wò. Èmi tí mo jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ ni mò ń wẹ̀yìn. Orí mi wú díẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún Bàbá Ràṣídì pé kó má ṣe yọ ìyẹn kúrò.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. O dúró lórí pátákó, o tẹ̀, o mú okùn tí ẹ fi ń fa ìgbòkun sókè kúrò nínú omi, o sì wé e mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì rẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì lo wé e. Lẹ́yìn náà lo wá di ẹ̀ṣẹ́ lé e lórí.

Àbẹ̀kẹ́, ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe olùkọ́ rẹ. Èmi ni. O kò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí ìyá rẹ ń sin ewúrẹ́ méjì lẹ́yìn ilé. Mo ní kí o máa fà wọ́n lọ jẹko lẹ́bàá gọ́tà. Èyí tó dúdú já mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, o sunkún wọlé. Mo mú ọwọ́ rẹ, mo wé okùn náà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, "Di ẹ̀ṣẹ́ lé e. Bó bá fà, ìwọ ló máa fà, kò ní já lọ." Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi ní abúlé nìyẹn, bí gbogbo ọmọ àgbẹ̀ tí mo mọ̀ ṣe ń fa ẹran nìyẹn. Ó dára fún ewúrẹ́.

Bí o ṣe ń fa ìgbòkun náà, afẹ́fẹ́ kan fẹ́ wá lójijì láti ẹ̀yìn ilé. Aṣọ náà yí sódìkejì, ó wọ́ ọ tọwọ́tọwọ́ sínú omi, o sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo kà dé ẹ̀rin kí orí rẹ tó yọ. O ń rẹ́rìn-ín nígbà tí o yọ. Afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà kò le ni. Mo ti dìde, mo fẹ́ pariwo orúkọ rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó yọ́ wá wo èèyàn, báwo ló ṣe fẹ́ pariwo? Agídí dí mi lẹ́nu. Mo dá àga padà fún ọkùnrin ẹnu géètì, mo wọ ọkọ̀, mo padà wálé. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì fún ọjọ́ méjì, kò sì dà nínú mi.

Ìyá rẹ ní Sátidé yìí ni wọ́n máa dán ọ wò, lọ́wọ́ ọ̀sán, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le jù. O máa lọ yí àwọn àmì tó léfòó lókèèrè po, o máa padà, bí o bá sì ṣe é yọrí wọ́n á gbà ọ́ ṣe olùkọ́ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi lè dúró mọ́. N kò sọ pé kí o má lọ. Mo ti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, o sì ti lọ. Mo fẹ́ kí o lọ, kí o sì dé.

Fetí sí mi. Bàbá Ràṣídì ní kí n máa fi nọ́ńbà sí i.

Èkíní. Mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá kí ẹsẹ̀ rẹ tó kan omi. O lè máa rò pé kí ni bàbá rẹ mọ̀ nípa èyí. Bàbá rẹ ti wa ọkọ̀ onígbòkun rí, Àbẹ̀kẹ́. O kò mọ̀. Ìyá rẹ náà kò mọ̀. Bó bá tú ìwé yìí kà lójú ọ̀nà, ẹ̀yin méjèèjì ẹ jọ máa bínú sí mi pọ̀. Nígbà tí mo sá kúrò lóko, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hurùngbọ̀n, etí omi Bàrígà ni mo balẹ̀ sí. Afárá gígùn tó gba orí ọ̀sà kọjá kò tíì sí nígbà náà. Ọkọ̀ oníyanrìn ni mo bá ṣiṣẹ́. Àwọn òmùwẹ̀ á rì sísàlẹ̀ ọ̀sà pẹ̀lú korobá, wọ́n á gbé yanrìn wá sókè, ọkọ̀ á kún títí etí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, ìgbòkun tí wọ́n fi àpò ìyẹ̀fun rán pọ̀ ló sì máa ń gbé wa padà. Ọ̀gá mi jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, Bàbá Ọmọ́yẹlé là ń pè é. Èèyàn kúkúrú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo mú ọkọ̀ kékeré kan láì tọrọ àyè, mo ní kí n gbìyànjú ara mi wò. Ọ̀sán ni. Mo wa àjẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ ń sáré. Mo ní, "Háà, apá mi le o!" Mo ń yin ara mi lọ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, àwọn ilé Bàrígà ti dà bí ìṣáná tí wọ́n tò sílẹ̀. Kì í ṣe apá mi. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán ní Bàrígà, orí ilẹ̀ ló ti ń wá, apá Ìkòròdú ló ń tì èèyàn lọ. Lílọ mi kò gbà mí lágbára rárá. Pípadà mi gbà mí ní awọ ọwọ́ méjèèjì. Ibi tí o wà náà rí bẹ́ẹ̀, mo fi ojú ara mi rí i: ẹ̀yìn ilé ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Tí ó bá ń tì ọ́ lẹ́yìn, má ṣe yin ara rẹ. Yí ojú sí i títí yóò fi kan etí rẹ méjèèjì bákan náà, ibẹ̀ ló ti ń wá. Wo ojú omi pẹ̀lú: ibi tó bá ṣókùnkùn tó ń hunjọ, afẹ́fẹ́ líle ló ń bọ̀ níbẹ̀. Tí o bá rí i, mọ̀ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Èkejì. Ẹ̀yìn lo fi ń fa ìgbòkun. Mo rí ọ, o ń já a tagbáratagbára bí ẹni tó ń hú ẹ̀gẹ́ lójú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tó mọ ẹ̀gẹ́ hú, kì í já a. Á mì ín kí ilẹ̀ tú. Aṣọ ìgbòkun kò wúwo, omi tó jókòó lé e lórí ló wúwo. Fà á díẹ̀, dúró, jẹ́ kí omi náà ṣàn kúrò, yóò fúyẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Tẹ orúnkún, na ẹ̀yìn rẹ, gbára lé ẹsẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà lé ibi tí kò dára. Bàbá Ràṣídì ní obìnrin ni mò ń kọ ọ́ sí, kí n má pe orúkọ ibẹ̀. N kò pè é. Ìwọ mọ òwe náà.

Ẹ̀kẹta rèé. Ìgbà tí o wà lọ́mọdé, o bi mí pé kí ló ṣe ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́ òsì mi tí wọn kì í fi í ká. Mo ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló tẹ̀ wọ́n ní Bájúláyé, nígbà tí mo ń bá wọn ru bébà. Ohun tí mo sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Irọ́ ni.

Bí mo ṣe sọ èyí, Bàbá Ràṣídì ju bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n wo ọwọ́ Bàbá Morẹ́nikẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ!"

Mo ní, "Ṣé ẹ̀rọ tẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn?"

Ó ní, "Rárá."

Mo ní, "Ìka mi ti ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ mú bírò yín."

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. N ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo ti lò tó oṣù mẹ́rin lọ́dọ̀ Bàbá Ọmọ́yẹlé. Lọ́jọ́ náà, a ti já yanrìn, ọkọ̀ ṣófo, ó fúyẹ́, èmi àti òun nìkan la wà nínú rẹ̀. Ó fi okùn ìgbòkun lé mi lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Dì í mú. Má dè é mọ́ nǹkan kan." Òun jókòó sẹ́yìn, ó ń fi àjẹ̀ tọ́ ọkọ̀. Inú mi dùn. Mo wá rántí bàbá mi àti igbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ tí àgbò já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kí ọ̀gá mi má baà rí mi bí aláìlágbára, mo wé okùn náà mọ́ ọwọ́ òsì, ẹ̀ẹ̀mẹta, mo di ẹ̀ṣẹ́ lé e. N kò dè é mọ́ nǹkan kan lóòótọ́. Ara mi ni mo dè é mọ́.

Òórùn òjò ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi: "Tú u sílẹ̀!" Mo rò ó pé mo lè dì í mú. Ó tún ní, "Ọmọ oko, tú u sílẹ̀!" Ìgbà yẹn ni mo fẹ́ tú u, okùn sì ti wọ ẹran ara mi. Ìgbòkun kún bọ́ọ́, ọkọ̀ dojú dé, aṣọ náà sì wọ́ mi lọ sísàlẹ̀ bí mo ṣe so mọ́ ọn. Omi ọ̀sà dúdú, Àbẹ̀kẹ́. N kò mọ òkè, n kò mọ ìsàlẹ̀. Mò ń fà, òun náà ń fà, agbára rẹ̀ sì ju ti àgbò lọ. Ohun tí mo rántí lẹ́yìn náà ni ọwọ́ èèyàn lọ́rùn mi. Bàbá Ọmọ́yẹlé ti bẹ́ wọlé tẹ̀lé mi, ó fi ọ̀bẹ gé okùn náà. Nínú òkùnkùn omi yẹn, kò ríran, ó gé okùn, ó sì gé iṣan ìka mi méjì mọ́ ọn. Bí kò bá gé wọn, kì bá sí ìwọ.

A so rọ̀ mọ́ ikùn ọkọ̀ títí ọkọ̀ onígi kan fi wá gbé wa. Kò bú mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ nígbà tí a ń gbọ̀n lórí igi ìdáná àwọn èèyàn yẹn. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ kì í ṣe ewúrẹ́. Bó bá lọ, òmíràn á wá." Ìgbòkun rẹ̀ tó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrọ̀lẹ́ rán ti lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà.

Nítorí náà, ohun tí mo kọ́ ọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje, mo ti gbà á padà lónìí. Má ṣe wé okùn mọ́ ọwọ́, mọ́ ìbàdí, mọ́ ibikíbi. Fi ìka gbé e, bí ẹni gbé abọ́ gbígbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá ìgbòkun: má ṣe fún un pa. Bí afẹ́fẹ́ bá ju agbára rẹ lọ, ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ni kí o kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Aṣọ náà á ṣí bí ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ kọjá lọ. Tí kò bá gbọ́, jù ú sómi pátápátá. Yóò dúró dè ọ́ níbẹ̀. Agbára wà nínú kí èèyàn jọ̀wọ́ nǹkan. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, n kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwọ tètè kọ́ ọ.

Ó rẹ̀ mí. A dúró díẹ̀, ìyá rẹ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún àwa méjèèjì. Ó ń wò wá bí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ̀ ń kọ tó gùn tó báyìí, Bàbá Morẹ́nikẹ́? Ṣé ẹ ń pín ogún ni?" Mo ní kó máa lọ.

Bàbá Ràṣídì ní ẹ̀kẹrin ló kàn. Jẹ́ kí a fi nọ́ńbà sílẹ̀, ó ń dà mí láàmú.

Má ṣe máa wo ẹsẹ̀ rẹ. Nígbà tí mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè, mò ń wo ẹnu ọkọ́, poro mi sì wọ́ bí ọ̀nà ejò. Bàbá mi ri igi kan mọ́lẹ̀ ní ìparí oko, ó ní kí n máa wo igi náà. Ebè mi tọ́ láti ọjọ́ náà. Ìgbà tí o bá ń wo ẹsẹ̀ lo ń ṣubú jù, mo fara balẹ̀ wò ó. Gbé ojú sókè, wo ibi tí o ń lọ, ẹsẹ̀ mọ iṣẹ́ ara rẹ̀.

Bí o bá fẹ́ padà síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, o kò lè lọ tààrà. Wọ́n á ti kọ́ ọ. Ó ní láti jẹ́ ìpẹ́kọrọ: díẹ̀ sápá ọ̀tún, kí o yí, díẹ̀ sápá òsì, kí o tún yí. Nǹkan tí mo kórìíra jù lórí omi nìyẹn. Mo máa ń sọ fún Bàbá Ọmọ́yẹlé pé, "Ilé nìyẹn, mo ń wò ó, kí ló dé tí a ń kọ ẹ̀gbẹ́ sí i?" Á ní, "Gbìyànjú tìrẹ." N ó gbìyànjú rẹ̀, ọkọ̀ á dúró gbagidi, afẹ́fẹ́ á máa tì wá sẹ́yìn. Ọ̀nà tí èmi máa ń bá ọ sọ̀rọ̀ nìyẹn, Morẹ́nikẹ́, tààrà ni, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń lọ sẹ́yìn. Ọdún mélòó kan la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé n kò rí ilé náà.

Bó ti wù kí ó rí, má ṣe fi pátákó rẹ sílẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ ọ́, jókòó lé e. Bí ìgbòkun bá já, dojúbolẹ̀ lé e, gbé ọwọ́ sókè kí ọkọ̀ onẹ́ńjìnnì tó ń ṣọ́ yín rí ọ. Má ṣe wo etídò kí o ní, "Kò jìnnà, jẹ́ kí n lúwẹ̀ẹ́ lọ." Omi máa ń purọ́ nípa ọ̀nà jíjìn. Ẹni méjì tí mo mọ̀ lórúkọ ní Bàrígà ló lúwẹ̀ẹ́ kúrò lára ọkọ̀ tí kò rì. Ọkọ̀ náà léfòó padà wálé, àwọn kò bá a padà.

Kí o sì mọ olùkọ́ rẹ lóore nígbà tí ó ṣì wà níwájú rẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo sọ yẹn, ojú tì mí. N kò padà sí etí omi mọ́. Mo lọ bá wọn ru bébà ní Bájúláyé, mo ní ẹ̀rọ ló tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá kí n má baà pàdé ọkùnrin tó fà mí yọ nínú ikú. Ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni sí ilé rẹ̀. Ọdún kẹta ni mo tó ra sìgá àti ọtí, mo lọ. Àwọn ará ilé ní ó ti padà sí ìlú rẹ̀, ó ti ṣaláìsí níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gba ẹrù náà, ó bi mí pé, "Ta ni ká sọ pé ó wá?" Mo yí padà, mo lọ láìsọ orúkọ mi. Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, òun ni n kò rí ọgbọ́n kankan yọ nínú rẹ̀. Mo kàn sọ ọ́ fún ọ ni.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́, jígí Bàbá Ràṣídì méjèèjì kò ríran mọ́. Jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Èmi àti ìyá rẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. N ó sọ orúkọ mi ní ẹnu géètì, n ó sì sọ pé èmi ni bàbá ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Bí o bá rí wa, má ṣe juwọ́ sí wa. Iṣẹ́ ń bẹ fún ọwọ́ rẹ. Kí Ọlọ́run tó fi omi sí ipò rẹ̀ fi ọ́ sí ipò tìrẹ lórí rẹ̀. Kí o lọ ní àlàáfíà, kí o padà ní àlàáfíà. Kí ibi tí àwa ti rì má ṣe jẹ́ ibi tí ìwọ náà máa rì sí.

Ṣùgbọ́n bó bá di pé afẹ́fẹ́ fà, tí o mọ̀ nínú ara rẹ pé ó ti ju tìrẹ lọ, má ṣe tìtorí pé mò ń wò kí o dì í mú. Jù ú sílẹ̀. Bí ìgbòkun bá lọ, tí ìdánwò bá bá a lọ, jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa lọ. Wọ́n á tún dán ọ wò lọ́jọ́ mìíràn. Èmi kò ní ọmọ mìíràn tí n ó tún kọ irú ìwé yìí sí.

Bàbá Ràṣídì ti kà á fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí mo sọ ló wà níbẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ yìí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.